Òrùka Tó Lanu Sílẹ̀

Ẹ gbé etí yín kalẹ̀ bí igbá abẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, kí ìtàn yìí lè rọ̀ sínú rẹ̀. Ìgbà tí eyín mi ṣì pé ni mo gbọ́ ọ. Eyín ti lọ, ọ̀rọ̀ ò lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Ọdẹ́jìnmí jẹ Olúọ́dẹ ìlú Òkè-Awó, gbogbo ìlú ló kóra jọ síwájú ilé Baálẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ọ̀sán dá. Àná ló ti ìrìn-àjò dé. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni wọn kò fi rí i, tí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé àwọn iwin ti fi agbárí rẹ̀ bu omi mu. Àfi bó ṣe yọ lójú ọ̀nà, tó gbé àpò awọ kọ́ èjìká, tó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò wọ bàtà.

Wọ́n tẹ́ awọ ẹkùn fún un, ó ní ilẹ̀ tó òun. Wọ́n bu ẹmu fún un, ó gbà á, kò mu ún. Ọdẹ́jìnmí tí a mọ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá pa ọ̀kẹ́rẹ́, ìtàn rẹ̀ á gùn ju ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lọ nígbà mẹ́wàá! Ajíṣefínní adẹ́mu, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Baba, ẹmu mi kò kan o. Àbí àwọn iwin ti fi ọtí tiwọn ba yín lẹ́nu jẹ́ ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìnmí náà ṣí eyín, ṣùgbọ́n bí ẹni tí eyín ń dùn ló ṣe ṣí i.

Ohun tó wà nínú àpò náà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀wọ̀n irin ni, òrùka kan kọ́ òrùka kejì, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìparí lanu sílẹ̀, kò pa á dé. Ẹnu òrùka yìí ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti inú àpò. Ohun kejì tó sì ń yọ ọ́ lẹ́nu jókòó sí ìdí odó, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí i lọ: Àwẹ̀ró, opó Láṣebíkan, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń bó ẹ̀gúsí. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibi tí wọ́n bá ti ń yin Ọdẹ́jìnmí, Àwẹ̀ró kì í dé ibẹ̀. Lónìí ló wá.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlú mọ̀ nígbà náà. Ọdẹ́jìnmí àti Láṣebíkan jọ ṣọ̀rẹ́ ni, wọ́n jọ ń dẹ ìgbẹ́. Ní ọjọ́ kan, ẹfọ̀n fi ìwo kan Láṣebíkan pa. Ọdẹ́jìnmí gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé, ó gé ìrù ẹfọ̀n náà dání, ó ní òun ti yìnbọn fún un, òun ti gbẹ̀san. Ìlú yìn ín. Ní Òkè-Awó, ẹran tó tóbi jù tí ọdẹ pa ni wọ́n fi ń kí ọmọ rẹ̀ láràárọ̀: ọmọ a-pẹkùn, ọmọ a-pagbọ̀nrín. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ọdẹ́jìnmí di ọmọ a-pẹfọ̀n. Àwọn ọmọ Láṣebíkan ńkọ́? "Ọmọ ẹni tí ẹfọ̀n kàn, ẹ káàárọ̀ o." Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹ kíkí yìí láti kékeré, tí wọ́n sì fi gbọ́ ọ dàgbà.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́jìnmí, ẹnu ń yún wa. A rán ọ lọ mú ohun tí yóò tún ìlú yìí ṣe. Ayédèrú oògùn ń pa wá lọ́mọ. Ilẹ̀ kan náà, ẹni mẹ́ta ló ń pè é ní ti baba òun. Ọ̀rọ̀ tí a sọ láàárọ̀, ó ti dìdàkudà kó tó di alẹ́. A ní ta ni a ó rán? Gbogbo ènìyàn ní a-pẹfọ̀n ni. Ṣé o mú un bọ̀?"

"Mo mú un bọ̀, Baálẹ̀."

"Sọ bó ṣe jẹ́ fún wa."

Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ajá kì í gbàgbé ọ̀nà ìdí ààrò. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe là, ìfọ́nnu àtijọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ jáde.

"Ẹ̀yin tí ejò inú àgbàdo ń lé kúrò lóko, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń ṣe! Ọjọ́ keje tí mo kúrò nílé ni mo wọ Igbó Ìparẹ́. Igbó tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀, ipasẹ̀ yín á ti parẹ́ lẹ́yìn yín. Mo fi àdá ṣá igi láti fi sàmì ọ̀nà. Mo bojú wẹ̀yìn, ara igi ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Mo kọrin, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń gbàgbé ẹsẹ̀ tó ṣáájú. Kò pẹ́ sí i, iwin tó ni igbó jáde. Parẹ́parẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ojú kan, ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, ó sì dán. Ohun tó bá ti fi ọwọ́ yẹn nù, ó ti lọ nìyẹn. Ó nu èékánná mi kan níwájú mi báyìí, ẹ wò ó!"

Ó na ọwọ́ òsì. Lóòótọ́, ìka tó kéré jù kò léèékánná. Àwọn obìnrin pariwo, "Yéè!"

"Parẹ́parẹ́ ní, 'Ọmọ aráyé, ìwọ lo kù tí n ó nù. Àyàfi tí o bá já àlọ́ mi. Kí ló wà lọ́wọ́ igba ènìyàn, tí a gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan, tí kò sì sọnù?' Mo ronú títí, orí mi gbóná bí agbada. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orí ọdẹ kì í ṣe ti àgùntàn! Mo ní, 'Parẹ́parẹ́, ibi tí ìdáhùn rẹ wà ni mò ń lọ yìí. Bí o bá nù mí, o ò ní gbọ́ ọ láéláé.' Ó kọ́kọ́ bínú, ó tún rẹ́rìn-ín, ó wá yà fún mi. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nínú yín?"

"Èmi kọ́ o," Ajíṣefínní dáhùn. "Èmi ìbá ti ní kó nu gbèsè orí mi kó tó nu èmi fúnra mi."

Ẹ̀rín sọ. Ọdẹ́jìnmí náà rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó ń bá a lọ.

"Ìgbà tí mo jáde nínú igbó náà ni mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Gbogbo-Wa-La-Mọ̀. Mo rí wọn, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn gbogbo wọn, ọmọdé, àgbà, àti olóyún. Mo ní yéè, mo ti bọ́ sílùú ẹrú. Ẹrú kọ́ o. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, òrùka fún òrùka. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ nílùú, tí ẹlẹ́rìí méjì sì sọ ọ́, alágbẹ̀dẹ á rọ òrùka tuntun, ọ̀rọ̀ náà á wà lára rẹ̀ bí ilà ojú. Òrùka náà á bu èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ, ojú eyín á hàn lára rẹ̀, á wá panu dé: kẹ́! Bó ṣe ń panu dé lọ́rùn ẹnì kan báyìí, bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ ń hù lọ́rùn gbogbo ìlú.

"Mo rí bàbá kan tó ń ra àgbo fún ọmọ rẹ̀. Kò tíì sanwó tó ti ń fi ìka tọ ẹ̀wọ̀n: 'Ta ló wa egbò yìí? Ta ló sá a? Ta ló gún un?' Ó dé orí òrùka ẹni tó gún un, ó gbé ìkòkò padà, nítorí òrùka kan tó tẹ̀ lé e sọ pé ọkùnrin náà ti po eérú mọ́ agúnmu rí. Mo rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jà sílẹ̀, tí ọmọ ọdún méje kan dá wọn lẹ́kun. Ó kan fi ìka ka ọrùn ara rẹ̀ ni, ó ní, 'Ìdí igi ọsàn ni ààlà yín, baba yín ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà wa ló jẹ́rìí sí i.' Ẹ jọ̀wọ́, mo tún rí oníkọlà kan tó gbé abẹ dé ibi ìsọmọlórúkọ. Baba ọmọ ní, 'Dúró ná, ọ̀gá wo ló tú ọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?' Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀wọ̀n, wọn ò rí òrùka ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí bí oníkọlà ṣe fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Abẹ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn!"

Ìlú rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Baálẹ̀ pàápàá di ìhà mú. Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Mo ní, 'Ọba wo ló ń tọ́jú ẹ̀wọ̀n yìí?' Obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olórùka dá mi lóhùn. Ọdẹ lòun náà nígbà èwe rẹ̀. Ojú àpá ìmàdò ṣì wà nítan rẹ̀. Ó ní, 'Bó bá jẹ́ ọba ló ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí inú bá bí ọba ńkọ́? Ọjọ́ tí ọmọ ọba bá jalè ńkọ́? Ọrùn gbogbo wa ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, kó kọ́kọ́ já gbogbo ọrùn ìlú.' Mo ní mo fẹ́ mú un lọ sí Òkè-Awó. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í dé ìlú tuntun láìní òrùka ìpìlẹ̀. Àlejò ni yóò sọ ohun kan nípa ara rẹ̀, ohun náà ni yóò ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlú rẹ̀ bá máa sọ títí láé. Ó wá fà mí létí, ó ní, 'Àlejò, gbọ́ o. Ẹ̀wọ̀n yìí kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́. Ìrántí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí o bá fi sí i ló máa gbà, bó sì ti gbà á, ó gbà á náà nìyẹn.'"

Ọdẹ́jìnmí dúró níbẹ̀. Ó gbé ẹmu tí wọ́n bù fún un, ó tún gbé e kalẹ̀. 

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, baba," Ajíṣefínní ní. "A mọ èyí tí ẹ máa sọ! Ẹfọ̀n ni!"

"Ẹfọ̀n ni," Ọdẹ́jìnmí dáhùn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo ní, 'Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo pa ẹfọ̀n tó kan ọ̀rẹ́ mi pa.' Wọ́n ní ẹlẹ́rìí ńkọ́? Mo yọ ìrù ẹfọ̀n, mo yọ ìbọn mi. Wọ́n ní àlejò ò ní ará níbí, ohun ọwọ́ rẹ̀ tó o. Òrùka panu dé, kẹ́! Mo gbọ́ ọ lọ́rùn gbogbo ìlú, bí ìgbà tí òjò bá kan páànù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé ti fi í ṣe orin. Wọ́n sè fún mi. Wọ́n gbé mi ká. Ibi tí wọ́n ti gbé mi jókòó ni Ìyá Olórùka ti bi mí, bí ọdẹ ṣe ń bi ọdẹ: 'Ọta tìrẹ, nígbà tó wọ ẹfọ̀n lára, báwo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ru?'

"Ara mi ti gbóná fún ìyìn. Mo nàró. Mo ní, 'Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀kán kan kò jáde! Bí ìbọn tèmi ṣe mú tó nìyẹn!'"

Àwọn tí kì í ṣe ọdẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ọdẹ jókòó sí, ẹ̀rín gé bí okùn. Bàbá kan tó ń mu ìkòkò tábà yọ ọ́ lẹ́nu. Ta ni kò mọ̀ nínú wọn? Ẹran tó wà láàyè ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Òkú ẹran kì í ṣẹ̀jẹ̀.

Baálẹ̀ wo ojú àwọn ọdẹ, ó wo ojú Ọdẹ́jìnmí. "Kí lo sọ yẹn?"

Ọdẹ́jìnmí rí ọwọ́ Àwẹ̀ró lórí ẹ̀gúsí. Ọwọ́ náà ti dúró. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ibi tí òpó ilé ti fẹ́ wó lù ú, tí kò sì lè sá.

"Òkú ẹfọ̀n ni mo yìnbọn fún," ó wí.

Ó sọ àpò awọ kalẹ̀ láti èjìká, ó ń bá a lọ.

"Nígbà tí ẹfọ̀n náà jáde sí wa, orí igi ni mo gùn. Ìbọn mi wà lọ́wọ́ mi, ó kún, ìtọ̀ ń dà lára mi sílẹ̀. Láṣebíkan yìn ín ní àyà. Kí ẹfọ̀n tó ṣubú ló ti kàn án. Ó pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè mí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò sọ̀ kalẹ̀ títí ẹfọ̀n fi kú, títí òun náà fi dákẹ́. Ìgbà náà ni mo wá sọ̀ kalẹ̀, tí mo yin òkú ẹran, tí mo gé ìrù rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ fi ń kí àwọn ọmọ mi láràárọ̀, ti Láṣebíkan ni."

Ẹnì kan láàárín èrò ké, "Olè!" Ẹlòmíràn ní, "Olè orúkọ!" Àkọ́bí Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tó ti bímọ, dìde, ó fi aṣọ bo ojú, ó kúrò níbẹ̀. Baba rẹ̀ rí i bó ṣe ń lọ, kò lè pè é padà.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. "Parí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Ìyá Olórùka gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó mọ̀; ojú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ òrùka náà kúrò. Ó ní, 'Ta ló lè yọ ọ́? Òrùka mẹ́ta ló ti bù ú jẹ láàárọ̀ yìí. Bí a bá yọ ọ́, eyín àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní bá nǹkan mu mọ́. A kì í nù nínú ẹ̀wọ̀n, a máa ń fi kún un ni. Rọ òrùka òtítọ́ tì í.' Wọ́n rọ ọ́. Àmọ́ kò panu dé. Wọ́n ní ohun ọwọ́ mi ti jẹ́rìí èké lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gbà á mọ́. Ó di ènìyàn ẹlẹ́mìí tó fi ojú rí i. Wọ́n ní ta ló rí i? Mo ní èmi àti òkú nìkan ni. Bí mo ṣe gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Bí òrùka yìí kò bá panu dé, irọ́ mi nìkan ni ìpìlẹ̀ ẹ̀wọ̀n Òkè-Awó.

"Ìtìjú mi kò tíì tán. Mo dé Igbó Ìparẹ́, mo já àlọ́ fún Parẹ́parẹ́, mo ní ẹ̀wọ̀n Gbogbo-Wa-La-Mọ̀ ni. Ó ní òótọ́ ni, kí n máa lọ. N kò lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún iwin, èmi ọmọ ènìyàn! Mo ní, 'Bá mi nu òrùka kìíní yìí.' Ó nù ú, ó parẹ́. Inú mi dùn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti hù padà. Ó tún nù ú. Ó nù ú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó wá ju ẹ̀wọ̀n náà sí mi, ó ní, 'Èyí wà lọ́rùn gbogbo ìlú kan. Máa lọ. Èmi iwin, ojú gbà mí tì nítorí rẹ.'"

Ó tú àpò, ó fa ẹ̀wọ̀n jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Òrùka ìkẹyìn lanu bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Ó gbé ìrù ẹfọ̀n lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀, irun funfun rẹ̀ kan ẹrẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Ta ló fi ojú rí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Àwẹ̀ró gbé atẹ ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Ọdẹ́jìnmí, ta ló kun ẹfọ̀n yẹn?"

Láti inú ẹrẹ̀ ni ó ti dáhùn. "Ìwọ ni, Àwẹ̀ró."

"Èmi ni. Ẹ ní kí opó gba itan rẹ̀ kan. Mo ní rárá, ẹran tó pa ọkọ mi, ọwọ́ mi ni n ó fi kun ún. Ojú ọta méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà ní àyà, ẹ̀jẹ̀ dì sí i, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èkejì wà ní ọrùn, ó funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Ìyàwó ọdẹ ni mí. Ta ni yóò kọ́ mi?"

Baálẹ̀ ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún, Àwẹ̀ró! Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Baálẹ̀, kí n sọ ọ́ fún ta ni? Ọ̀rọ̀ opó, ọ̀rọ̀ akọni, èwo lẹ ó gbọ́? Mo ní ẹnu tó sé e mọ́lẹ̀ ni yóò tú u. Mo wá ń dúró." Ó yíjú sí Ọdẹ́jìnmí. "Itan ẹran tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún, tí o ní nítorí ọ̀rẹ́ rẹ ni, o rò pé mo jẹ ẹ́? Ajá mi ló jẹ ẹ́. Ajá náà kò kúkú mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú òrùka tó lanu. Ó ní, "Láṣebíkan, ọkọ mi, ló pa á. Mo rí i."

Kẹ́!

Òrùka panu dé. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ.

Àwẹ̀ró mú ìrù ẹfọ̀n. "Mo ti bá ọ pa ẹnu òrùka dé. N kò sọ pé mo dárí jì ọ́." Ó gbé ẹ̀gúsí rẹ̀, ó lọ sílé.

Wọn kò fi Ọdẹ́jìnmí jẹ Olúọ́dẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ọmọ Láṣebíkan lójú ọ̀nà odò dúró, ó ní, "Ọmọ a-pẹfọ̀n, ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n ní ọmọ náà sọ garawa sílẹ̀, ó jókòó sójú ọ̀nà, ó sunkún.

Alágbẹ̀dẹ wá ń rọ irú ẹ̀wọ̀n náà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àánú ṣe Ajíṣefínní, ó ní, "Baálẹ̀, ṣé a ò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùka òtítọ́ ni?" Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ojú eyín ti kìíní wà lára rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ bó ṣe wà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́, wọ́n sì fi kọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ayédèrú oògùn dín kù. Ààlà ilẹ̀ dúró síbi tó wà. Ìlú sì rójú.

Ọdẹ́jìnmí pẹ́ láyé. Ibi tó bá yà sí, á tẹrí ba kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, wọ́n mú àgbo wá fún un, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ní kí òun kọ́kọ́ wo ẹni tó gún un. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka tọ ẹ̀wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ̀ ọ́ ní gbogbo ilé, ó ń kà á sókè: "Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo pa ẹfọ̀n..." Arúgbó yíjú sí ògiri. Ó dúró kí ọmọ náà kà á kọjá, kó tó na ọwọ́ gba àgbo rẹ̀.